Lẹ́tà mẹ́tàlélógójì, èsì méjì: níbo lẹ ti ń wá àwọn àjọ tó ń fúnni lówó ìrànwọ́?

Tíṣà Òkèhò

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní yàrá ìkàwé kékeré kan fún àwọn ọmọdé níbí ní Òkèhò. Ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló ń wá síbẹ̀ lẹ́yìn ilé-ìwé. Páànù ń jò, iná kì í dúró, àwọn ìwé tá a ní sì ti pẹ́ lọ́wọ́ wa débi pé àwọn ọmọ ti mọ ìparí wọn sórí. Ohun tá a ń wá kò ju mílíọ̀nù mẹ́rin náírà lọ: ká fi ṣe òrùlé, ká ra sólà pẹ̀lú bátìrì, ká fi ìyókù ra ìwé.

Láti oṣù kẹta ni mo ti ń jókòó ti fóònù lálaalẹ́. Mo máa tẹ “grants for NGOs in Nigeria” sínú Google, ojú-ìwé tó to orúkọ àádọ́ta àjọ á jáde, èmi náà á sì máa kọ lẹ́tà sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàlélógójì ni mo ti kọ. Èsì méjì péré ló wọlé. Ọ̀kan ní àwọn kì í gba lẹ́tà ẹni tí àwọn kò pè. Èkejì ní àwọn ti fọwọ́ sí owó mi, kí n san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà fún ìwé àṣẹ. Ìyàwó mi ló ní kí n má dán an wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí gbà rí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Kí Ọlọ́run bá wa dá ìyàwó yín sí. Àjọ tó fẹ́ fún yín lówó tó tún ń gbowó lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin gan-an lẹ ti di aláàánú wọn nìyẹn.

Ìyá Adìrẹ

Tíṣà, o kú iṣẹ́. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aláró ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, mo ti kọ irú lẹ́tà yẹn títí ọwọ́ mi fi wú. Ibi tó o ti ń wá wọn ni kò dáa. Àwọn ojú-ìwé tó ń to orúkọ yẹn, ara wọn ni wọ́n ń dà kọ. Ẹni tó kọ ọ́ kò bi àjọ kankan léèrè. Ìpolówó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń bá a pawó. Láìpẹ́ yìí mo rí ọ̀kan tó ṣì ń júwe ètò On Nigeria ti àjọ aláàánú MacArthur ní Amẹ́ríkà fáwọn èèyàn, bẹ́ẹ̀ ọdún 2024 ni ètò yẹn ti parí.

Èmi kì í wá olówó. Ẹni tó ti gbowó ni mo máa ń wá. Wá àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ, ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn, ní Kàdúná tàbí ní Ghana. Ka ìròyìn ọdọọdún wọn dé ojú-ewé tó gbẹ̀yìn pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́. Àwọn orúkọ tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn yẹn ni kó o kọ sílẹ̀. Tí orúkọ kan bá jáde lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti di èèyàn rẹ, máa wádìí rẹ̀.

Bí mo ṣe rí African Women's Development Fund tó wà ní Accra nìyẹn. Ọdún 2000 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Bísí Adélẹ́yẹ-Fáyẹmí tiwa sì wà lára àwọn obìnrin tó dá a sílẹ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ tí obìnrin ń darí ni wọ́n ń fún o, má wulẹ̀ fi dátà rẹ ṣòfò níbẹ̀. Mo kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni.

Aṣírò Houston

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ owó orí ni mò ń ṣe níbí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni Ìyá sọ, mo fẹ́ fi kún un ni.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ aláàánú tó bá jẹ́ ti ìdílé kan tàbí ti ilé-iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ kọ ìwé kan fún IRS, àjọ agbowó-orí ìjọba Amẹ́ríkà, lọ́dọọdún. Form 990-PF lorúkọ rẹ̀. Ìwé yẹn kì í ṣe àṣírí, ẹnikẹ́ni ló lè kà á, kódà láti Òkèhò. Iye tí wọ́n ní wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn tó ń darí wọn wà níbẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ tí wọ́n fún lówó lọ́dún yẹn, àti iye tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó wà níbẹ̀. Ohun tí àjọ kan ń fẹnu sọ lẹ máa kà lórí ojú òpó rẹ̀. Ohun tó ń fọwọ́ ṣe, inú 990-PF lẹ ti máa rí i.

Ẹ lọ sí Nonprofit Explorer, àwọn oníròyìn ProPublica ló ni ín, ọ̀fẹ́ ni. Ó ní ibi tẹ́ ẹ ti lè wá ọ̀rọ̀ nínú àwọn ìwé náà fúnra wọn, kì í ṣe orúkọ àjọ nìkan. Ẹ tẹ “Ibadan” síbẹ̀, tàbí “Oyo State”, ẹ wo ohun tó máa jáde. Ìwé tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà fi ránṣẹ́ nìkan ló lè wo inú rẹ̀ báyìí, àmọ́ òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2019 ti sọ ìyẹn di dandan, kò sì sí ìṣòro fún ti àìpẹ́.

Bẹ́ ẹ bá ti ṣí ọ̀kan, ẹ má jẹ́ kí gígùn rẹ̀ bà yín lẹ́rù. Ẹ fò lọ sí Apá XIV (XV ni nínú àwọn tó ti pẹ́). Àpótí kékeré kan wà ní ìlà kejì. Bí wọ́n bá fi àmì sínú rẹ̀, wọ́n ń sọ pé àwọn tí àwọn ti yàn tẹ́lẹ̀ nìkan ni àwọn ń fún, pé àwọn kì í gba ẹ̀bẹ̀ látọ̀dọ̀ àjèjì. Bí àmì kò bá sí níbẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti máa kọ ẹni tẹ́ ẹ máa kọ̀wé sí, bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ kọ ọ́, ọjọ́ tí wọ́n ń tilẹ̀kùn, àti irú iṣẹ́ tí wọn kì í fọwọ́ kàn.

Ẹ tún wo ojú-ewé àkọ́kọ́, iye ohun ìní wọn wà níbẹ̀. Òfin ní kí wọ́n máa pín nǹkan bí 5% rẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Àjọ tó ní mílíọ̀nù méjì dọ́là, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ wá wò ó nínú ìwé: ó lè jẹ́ ogún ẹgbẹ́ ló ń pín in. Ẹni tó lọ ń tọrọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin lọ́wọ́ irú wọn, ọ̀rọ̀ di ẹ̀rín nìyẹn.

Ìwé tẹ́ ẹ bá rí lónìí, ọ̀rọ̀ èṣí tàbí ìdúnta ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ka ti ọdún mẹ́ta léraléra kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ mọ̀ wọ́n. Àti pé àwọn àjọ tó ń gbowó lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, 990 lásán ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe 990-PF. Àfikún tí wọ́n ń pè ní Schedule F lẹ máa wò nínú tiwọn, owó tó lọ sí òkèèrè wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ní tiẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin yẹn, kò ní láti kọ ọ̀kankan.

Tíṣà Òkèhò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo mọ́kànlá nínú àwọn tí mo kọ̀wé sí. Mẹ́jọ ti fi àmì sínú àpótí yẹn. Mẹ́jọ! Oṣù mélòó ni mo fi ń kan ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kọ “a ò sí nílé” sí lára.

Aṣírò Houston

Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má kàn dá wọn nù pátápátá ṣá. Ẹ wo orúkọ àwọn tó ń darí wọn. Nígbà míràn ẹ máa rí dókítà kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, tàbí òyìnbó kan tó ti ṣe tíṣà ní Nàìjíríà láyé Peace Corps. Àpótí yẹn kò sọ pé wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n mọ̀.

Akàwé-ẹ̀bẹ̀

Òdìkejì tábìlì ni èmi wà. Ọdún márùn-ún ni mo fi ń ka ìwé ẹ̀bẹ̀ fún àjọ kan ní Èkó, mi ò ní dárúkọ wọn. Ìlera ni iṣẹ́ wa. Wọ́n kọ̀wé sí wa pé ká bá àwọn kọ́ mọ́ṣáláṣí, ká bá àwọn ra bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ akọrin, ká san owó ilé-ìwé ọmọ kan ní Cyprus. Ẹ ò lè mọ bó ṣe máa ń rí lára nígbà tá a bá rí ẹni kan ṣoṣo tó kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ pé: mo rí i pé ẹ ràn ẹgbẹ́ báyìí lọ́wọ́ ní 2021, irú iṣẹ́ wọn là ń ṣe, ibi tá a ti yàtọ̀ rèé. Àwọn bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀, a sì máa ń kà wọ́n títí dé òpin.

Tíṣà, mílíọ̀nù mẹ́rin náírà tẹ́ ẹ ń wá, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là ni. Ẹ rò pé kíkéré rẹ̀ máa mú un yá ni. Rárá o. Òfin owó orí Amẹ́ríkà ní kí àjọ ìdílé tó bá fẹ́ fún ẹgbẹ́ òkèèrè lówó ṣe ọ̀kan nínú nǹkan méjì: kó kọ́kọ́ wá ẹ̀rí pé ẹgbẹ́ náà bá àjọ aláàánú tiwọn dọ́gba, tàbí kó máa tọpa owó yẹn títí tó fi tán, kó sì máa jábọ̀ rẹ̀ fún IRS. Ilé-iṣẹ́ NGOsource máa ń bá wọn ṣe ti àkọ́kọ́, ẹni tó fẹ́ fúnni lówó ló ń san owó rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ wá rò ó wò: ta ló máa ṣe gbogbo wàhálà yẹn nítorí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là?

Fún iṣẹ́ kékeré bíi tiyín, àwọn ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba òkèèrè ló yẹ kẹ́ ẹ wò. Japan ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Kusanone, ilé-ìwé, kànga àti ilé ìwòsàn kéékèèké ni wọ́n ń fi ṣe. Canada ní irú rẹ̀, CFLI, Australia ní Direct Aid Program. Àsìkò ránpẹ́ ni wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn lọ́dún, nítorí náà ẹ tẹ̀ lé ojú-ìwé Facebook wọn, ẹ má dúró de ẹni tó máa dà á kọ. Ní ti ilé níbí, TY Danjuma Foundation (2009) àti ACT Foundation (2016) máa ń pe àwọn ẹgbẹ́ láti wá kọ̀wé, orí ojú òpó wọn ni wọ́n ti ń kéde rẹ̀. Àjọ Tony Elumelu ní tiwọn, olókòwò ni wọ́n ń fún, 5,000 dọ́là fún ẹni tó fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yéé kọ̀wé yàrá ìkàwé sí wọn.

Ohun tó le nípa àwọn tilé ni pé kò sí ibi kan tẹ́ ẹ ti lè ka ìwé ìnáwó gbogbo wọn lọ́fẹ̀ẹ́ bíi ti Amẹ́ríkà. Ìwádìí orúkọ wà lórí ojú òpó CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, á sọ fún yín bóyá àjọ náà wà lóòótọ́ àti bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fóònù ni. Ẹ pe ẹgbẹ́ tí wọ́n ní àwọn fún lówó lọ́dún tó kọjá. Ẹ bi wọ́n pé: ṣé owó náà dé? Ó pẹ́ tó? Wọ́n máa sọ òótọ́ fún yín ju ìwé èyíkéyìí lọ.

Ẹ sì múra o. Láti ìgbà tí USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ti kógbá wọlé lọ́dún 2025, àwọn ẹgbẹ́ ńlá tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ ti wá ń bá àwọn kéékèèké du owó àjọ ìdílé.

Peckham Rye

Ẹ má gbàgbé ìlú ọba. Ní England àti Wales, Charity Commission ló ni ìwé orúkọ àwọn àjọ aláàánú. Scotland ní tirẹ̀, OSCR, Northern Ireland náà ní tirẹ̀. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí, a forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, mo mọ ojú òpó wọn bí ẹni mọ ojú ọ̀nà oko. Ẹ lo ibi ìwádìí tó jinlẹ̀. Ẹ yan pé àwọn tó ń fún ẹgbẹ́ lówó lẹ ń wá, ẹ yan Nàìjíríà níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Iye tó wọlé fún wọn, iye tí wọ́n ná, orúkọ àwọn alábòójútó, gbogbo rẹ̀ á jáde. Èyí tó bá ń gba ju 25,000 pọ́n-ùn lọ lọ́dún, ìwé ìṣirò rẹ̀ máa wà níbẹ̀ fún kíkà. Bí wọ́n bá sì pẹ́ kí wọ́n tó fi ìwé ránṣẹ́, á hàn níbẹ̀ pé ó ti pẹ́. Èmi máa ń sá fún irú wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí GrantNav, ti 360Giving. Àwọn olùfúnni tó gbà láti ṣí ìwé wọn sílẹ̀ ló wà níbẹ̀, Comic Relief àti àwọn ti National Lottery wà lára wọn. Ẹ tẹ “Nigeria”, ẹ tẹ “library”, ẹ wo ẹni tó fún ta ni, lọ́jọ́ wo, èló.

Nípa gbájú-ẹ̀: lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnìkan kọ̀wé sí ẹgbẹ́ wa pé òun wá láti àjọ aláàánú kan ní London, ó fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, ó dán gbinrin. Mo tẹ nọ́ńbà yẹn wò. Ti àwọn tó ń tọ́jú ajá tí kò nílé ni. Nọ́ńbà lásán kì í ṣe ẹ̀rí, àfi tẹ́ ẹ bá wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ímeèlì tó kọ̀wé sí yín wé èyí tó wà nínú ìwé orúkọ.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ajá ní alábòójútó ní London, ọmọ Òkèhò ń kàwé lábẹ́ páànù tó ń jò. Ayé!

Aṣírò Houston

Lórí ti gbájú-ẹ̀ náà: àjọ Amẹ́ríkà tó bá fún yín ní EIN, ìyẹn nọ́ńbà tí IRS fi ń dá àjọ mọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ibi ìwádìí IRS. Èyí tó bá kọ̀ láti fi ìwé ọdọọdún rẹ̀ ránṣẹ́ sí IRS fún ọdún mẹ́ta léraléra, wọ́n ti gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ máa rí i níbẹ̀. Ẹ tún wo ọjọ́ tí wọ́n ra orúkọ ojú òpó wọn, ICANN Lookup á sọ ọ́ fún yín. Àjọ tó ní àwọn ti wà láti 1978 tó jẹ́ pé oṣù tó kọjá ni wọ́n ra orúkọ ojú òpó rẹ̀, ẹ fà á tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kí òun tó bá yín gba UEI, nọ́ńbà tí ẹni tó ń wá owó ìjọba Amẹ́ríkà máa ń gbà lórí ojú òpó SAM.gov. Ọ̀fẹ́ ni.

Tíṣà Òkèhò

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìbéèrè kan: ẹnìkan ní kí n sanwó fún Foundation Directory, pé gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ó wọ́n o.

Aṣírò Houston

Má san án. Candid ló ni ín, ìyẹn àjọ tó jáde lára Foundation Center àti GuideStar nígbà tí wọ́n dara pọ̀ lọ́dún 2019. Ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ìjọba níbí ló ní in lórí kọ̀ǹpútà wọn, ẹni tó bá wọlé lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ mọ̀lẹ́bí kan níbí kó lọ jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì.

Ìyá Adìrẹ

Mọ̀lẹ́bí wo ló máa fi Sátidé rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀? Èmi sanwó oṣù kan lẹ́ẹ̀kan, mi ò kábàámọ̀. Àmọ́ mo ti to ohun tí mo fẹ́ wá sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó san án, mo sì fi ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹni tó bá sanwó kó tó mọ ohun tó ń wá, ó ti sọnù sínú igbó. Ní ti fundsforNGOs, ojú òpó tó ń kéde owó ìrànwọ́, ìròyìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ti tó.

Peckham Rye

Kí Tíṣà tiẹ̀ bi ara rẹ̀: ṣé ẹgbẹ́ ọmọ Òkèhò kò sí ní London ni? Ní Houston ńkọ́? Owó òrùlé yẹn, àpèjẹ alẹ́ kan la fi ń kó o jọ níbí. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ni, ìjọba tún máa ń fi pẹ́ńsì 25 lé pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń san owó orí bá dá. Gift Aid ni wọ́n ń pè é. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn aráalé ṣe òrùlé, kẹ́ ẹ wá àjọ fún ìwé àti sólà. Olùfúnni máa ń fẹ́ràn ibi tí ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí.

Tíṣà Òkèhò (ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà)

Mo padà dé. Nínú mẹ́tàlélógójì, mẹ́rin ló kù sílẹ̀. Mo wá rí méjì míràn nípa ọ̀nà tí Ìyá là sílẹ̀: mo ka ìròyìn ọdọọdún ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe yàrá ìkàwé ní Ìbàdàn, mo sì rí ẹni tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ka 990-PF ọ̀kan nínú wọn ti ọdún mẹ́ta. Kò sí àmì nínú àpótí. Iye tí wọ́n ń fún àwọn yàrá ìkàwé kò tíì ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là lọ rí, ó bá tèmi mu rẹ́gí. Ẹgbẹ́ ọmọ Òkèhò wà ní London lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tiẹ̀ ti jẹ́ akọ̀wé wọn rí, àwa tá a wà nílé ni kò bi í léèrè.

Ibi tó ti rí bákan ni pé mo wá orúkọ ẹgbẹ́ tiwa náà lórí ojú òpó CAC, bí Akàwé-ẹ̀bẹ̀ ṣe ní ká máa wo ti àwọn ẹlòmíràn. INACTIVE ni wọ́n kọ sí i, pé ẹgbẹ́ wa kò ṣiṣẹ́.

Akàwé-ẹ̀bẹ̀

Ìwé ọdọọdún lẹ ò fi ránṣẹ́. Láàárín ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà sí ìparí oṣù kejìlá ló yẹ kó wọlé lọ́dọọdún. Bẹ́ ẹ ṣe ń wò wọ́n ni wọ́n ń wò yín náà. Ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ nìyẹn kí n tó ka ìlà kan nínú lẹ́tà.

Ìyá Adìrẹ

Ọdún mélòó lẹ jẹ wọ́n?

Tíṣà Òkèhò

Mẹ́ta, mà.

Ìyá Adìrẹ

Lọ san án kó o tó kọ lẹ́tà kankan. Bó o bá ti ṣe tán níbẹ̀, forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń gbógun ti fífi owó èrú pamọ́, báǹkì máa bi ọ́ léèrè ìwé rẹ̀. Ọ̀fẹ́ nìyẹn ní tiẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Tó o bá wá kọ lẹ́tà ti Amẹ́ríkà yẹn, fi hàn mí kó o tó fi ránṣẹ́, màá bá ọ gé e kúrú.